Kí Ẹ̀jẹ̀ Kọ́kọ́ Yọ Ná

Eegun mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́, àmọ́ scaphoid, tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ló lágídí jù nínú wọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju kóró kaṣú lọ, ó sì tẹ̀ bíi tirẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀, òun ló sábà máa ń kán. X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má fi í hàn. Ẹni tó ṣubú á ní ọwọ́ òun kàn rọ́ ni. Oṣù á gorí oṣù, eegun ò ní so.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ eegun yìí ń gba apá ọ̀dọ̀ àwọn ìka wọlé, kó tó ṣẹ́rí padà síhà ìgbọ̀nwọ́. Bó bá kán láàárín, ebi dé bá ìdajì ti ẹ̀yìn, ó sì lè kú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn eegun yòókù á yẹ̀ lórí ìjókòó wọn, oríkèé á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Á la iwájú ọrùn ọwọ́, á sún iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí oríkèé. Ẹran funfun tó yi ló máa bá lójú ibi tó kán. Á fi irinṣẹ́ kékeré ẹlẹ́nu mímú ha á kúrò. Bó bá lo ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eegun, wọ́n á máa da omi oníyọ̀ sí i, torí ooru lè pa èyí tó kù láàyè. Á ha, á dúró, á wò. Ohun tó ń wá ni ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ tó-tó-tó lára eegun. Ó tiẹ̀ lè tú ohun tí wọ́n fi di apá láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ojú rẹ̀ lè rí òtítọ́. Bí kò bá ha á tó, orí òkú eegun ló máa gbé eegun tuntun lé. Bó bá ha á jù, èèpo nìkan ló kù, ìdè irin tó máa so eegun pọ̀ ò ní rí ibi dì mú. Kò sí irinṣẹ́ tó ń wọn èyí. Ojú àti ọwọ́ ni.

Eegun tó ti pẹ́ tó kán máa ń tẹ̀ di abuké. Lọ́dún 1984, dókítà kan tó ń jẹ́ Fernandez kọ nípa bí a ṣe lè ya X-ray ọwọ́ kejì tó dá ṣáṣá, kí a fi mọ bí eegun tí a máa fi há àlàfo náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Inú eegun ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e. Apá líle á kọjú síwájú kó lè gba ẹrù, apá rírọ̀ á wà nínú.

Otto Russe ti Vienna kò lo irin kankan nínú ọ̀nà tó gbé jáde lọ́dún 1960. Eegun rírọ̀ ló fi dí ihò, POP ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́dún 1984 náà ni Herbert àti Fisher, ní Australia, gbé ìdè tí kò lórí jáde. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì ò rí bákan náà, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń yí i ló ń fa ìdajì eegun méjèèjì mọ́ra, tó sì ń rì sínú eegun pátápátá. Bí ìdajì ẹ̀yìn bá ti gbẹ pátápátá ńkọ́? Lọ́dún 1991, Zaidemberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè gbé eegun láti apá, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, kí iṣan náà má já, kó má sì lọ́.

Owó ló ń ra ìdè. Ibi tó yẹ kí ọwọ́ ti dáwọ́ híha dúró kò ṣeé rà. Nítorí ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà, dókítà tó mọṣẹ́ kì í mú ọ̀bẹ láìkọ́kọ́ béèrè bóyá aláìsàn ń mu sìgá. Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì lè ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ lẹ́yìn tí egbò bá ti jinná.