Das Boot: Fíìmù Tí Kò Parí Síbi Ẹ̀rí

Àríwísí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn òjíṣẹ́ kan nípa Das Boot ni pé kò sí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹni tí fíìmù Mount Zion ti mọ́ lára yóò máa retí àdúrà tó gbà. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń múra de ọjọ́ ìfòróróyàn wò ó.

Wolfgang Petersen, ará Jámánì, ló darí rẹ̀ ní 1981. Inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni ìtàn náà ti wáyé, ní 1941. Àyè há, irùngbọ̀n ń hù, búrẹ́dì ń bu. Bí bọ́ǹbù bá ń bú lókè, gbogbo wọn a dákẹ́, wọn a máa gbọ́ bí irin ṣe ń ké. Nítòsí Gibraltar, ọkọ̀ náà rì dé mítà 280, ó sì jókòó sí ìsàlẹ̀ òkun. Wọ́n tún un ṣe, ó gbéra sókè. Ní ìjọ tiwa, ibẹ̀ ni ẹ̀rí ń parí sí, a ó sì pariwo Halelúyà.

Petersen kò dúró níbẹ̀. Ó mú wọn gúnlẹ̀ sí La Rochelle, orin ń dún, ni ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá bá dé. Ọ̀gá wọn wo ọkọ̀ náà títí ó fi rì, òun náà sì kú.

Ibi tó dùn mí jù ti kọjá kó tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ epo kan tí wọ́n yìnbọn fún ń jó. Ọ̀gá rò pé wọ́n ti kó àwọn inú rẹ̀ kúrò. Wọn ò kó wọn. Àwọn èèyàn fò sómi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ọ̀gá sì ní kí ọkọ̀ fà sẹ́yìn. Irú ọkọ̀ abẹ́ omi bẹ́ẹ̀ ló rì Abosso, ọkọ̀ Elder Dempster tó ń ná ìhà tiwa, ní October 1942. Èèyàn 362 ló bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ibi ẹ̀rí wa. Ẹnìkan yọ nínú jàǹbá lọ́nà Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta, ó gba máíìkì, a jó. Ìyàwó ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ tí kò yọ ńkọ́, tó jókòó lẹ́yìn? Sáàmù kún fún ẹ̀rí, àmọ́ Sáàmù 88 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, inú òkùnkùn ló sì parí sí.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí Petersen: kò pẹ́ tó lọ́dọ̀ àwọn tó wà nínú omi. Láìpẹ́ a ti padà sínú ọkọ̀, a kò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.