Pín, Là, Yà, Pààlà: Ọ̀rọ̀-Ìṣe 'Divide' Lọ́wọ́ Ògbufọ̀ Yorùbá

Ìwé atúmọ̀-èdè tí ó bá to pín, là, yà àti pààlà tẹ̀ léra síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, 'divide', láìṣe àlàyé kankan, kò tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ńṣe ni ó kó irinṣẹ́ mẹ́rin lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láìsọ iṣẹ́ tí a ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí kò lè máa dúró fún ara wọn, nítorí pé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yàtọ̀.

Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí fún èyí. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lo 'divide' fún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nínú Jẹ́nẹ́sísì, fún omi òkun nínú Ẹ́kísódù, fún ọmọ tí obìnrin méjì ń jà sí níwájú Sólómọ́nì, àti fún ohun ìní bàbá ọlọ́mọ méjì nínú Lúùkù. Nínú ti Yorùbá, pààlà ni a lò fún ti àkọ́kọ́, pínyà fún èkejì, là fún ẹ̀kẹta, pín fún ẹ̀kẹrin.

Ìyàtọ̀ yìí kọjá ẹwà èdè. Pààlà ń wo ìlà tí ó wà láàárín: bí a bá gbin pèrègún sí ẹ̀bá oko, ilẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Yà, tí ó wà nínú pínyà, ń wo ìrìn: àwọn tí ó ti jọ ń bọ̀, olúkálùkù wá gba ọ̀nà tirẹ̀. Pín ń wo àwọn olùgbà. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn ogún fi máa ń dá lórí bóyá ìdí-igi ni a ó fi pín in tàbí orí-ojorí, ìyẹn ni pé, ta ni yóò gbà? Ara ohun tí a dojú kọ gan-an ni là ń wò. Igi tí a bá là kì í padà di odindi. Lóòótọ́, là wà nínú làjà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìjà ni à ń là níbẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ń jà.

Inú ìwé ìtàn ni àìkíyèsí ìyàtọ̀ yìí ti ń ṣe ìpalára jù. Ó ti mọ́ àwọn òǹkọ̀wé lára láti sọ pé àwọn òyìnbó 'pín' Áfíríkà lẹ́yìn ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885. Gbólóhùn náà kò ṣìnà, ṣùgbọ́n àwọn olùgbà nìkan ni ó fi hàn. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 fi Kétu sí apá Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ìlú Kétu sì bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé A. I. Aṣíwájú ti 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá fi ìṣàkóso méjèèjì wé ara wọn. Lójú London àti Paris, wọ́n pín in. Lójú Kétu, wọ́n la ìlú.

Ẹnìkan lè jiyàn pé olè náà a máa pín ẹrù, nítorí náà pín kò sọ pé ẹni tí ó pín nǹkan ni ó ni ín. Òótọ́ ni. Àléébù pín kò sí nínú pé ó dá olè láre. Ohun tí ó ṣe ni pé kò ní kí a wo olóhun. Nínú ìdájọ́ Sólómọ́nì, ẹni tí kò bí ọmọ náà ni ó gbà kí a là á. Bí ògbufọ̀ bá ti lo pín níbẹ̀ ni, ìdá tí yóò kan obìnrin kọ̀ọ̀kan ni etí ìbá kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe idà tí ó dojú kọ ọmọ.

Ohun tí ó yẹ ìwé atúmọ̀-èdè ni kí ó sọ, lábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, bóyá ìlà, ìrìn, olùgbà tàbí ohun tí a ń là ni ó ń wò, kí àpẹẹrẹ sì tẹ̀ lé e. Òpìtàn náà yóò wá mọ̀ pé bí òun bá ti mú pín, òun ti yan ẹni tí a ó fi ojú rẹ̀ wo ìtàn náà.