Nígbà Tí Wọ́n Bá Gba "Rúsúrúsú" Lẹ́nu Wa

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ògbufọ̀ kan dúró ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, níbi tó ti ń túmọ̀ apá kan nínú ìwé 1984 tí George Orwell kọ. Ọ̀rọ̀ náà ni "ungood".

Ìwé náà jáde ní London ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Ìlú tí ìjọba ti ń ṣọ́ ará ìlú tọ̀sán-tòru ló dá lé, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ara ògiri ń wo onílé lójú. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ yìí ló ba ògbufọ̀ náà lẹ́rù jù, bí kò ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Syme, òṣìṣẹ́ ìjọba, wà nídìí ẹ̀dà kọkànlá ìwé atúmọ̀ Newspeak, èdè tí ìjọba inú ìwé náà ṣe, ó ń gé ọ̀rọ̀ dànù, inú rẹ̀ sì ń dùn. Kí ni wọ́n ń fi "bad" ṣe mọ́? Ẹ fi "un" síwájú "good", ó parí. Létí Òyìnbó, ọ̀rọ̀ náà dà bí òkúta inú ìrẹsì.

Ẹ gbé e dé Yorùbá, eyín ẹnikẹ́ni kò ní kan. "Àìdára"? Ta ni yóò ta gìrì? Àìsàn là ń pe ohun tó ń dá ni dùbúlẹ̀. Àìní, àìgbọràn, àìmọ̀kan, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí wọ́n tó bí Orwell. Idà tí ọkùnrin náà pọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì kò gé nǹkan kan lọ́dọ̀ wa.

Fágúnwà, òǹkọ̀wé Yorùbá, ló yọ ògbufọ̀ náà. Ọdún 1949 yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀, Igbó Olódùmarè, jáde. Bí Orwell ṣe ń fi èdè tó ń rù hàn, ńṣe ni ọmọ Òkè-Igbó ń kó ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí. Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ní 1954, ó mú wa dé Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀, ó sì pe ọba wọn ní Òmùgọ̀diméjì. Orúkọ kan péré, a ti rí gbogbo ìjọba ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni ògbufọ̀ náà ti rí i pé ẹni tó bá fẹ́ pa Yorùbá kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí "burú". Orí "fòò" ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Pupa fòò, dúdú kirikiri, ga fíofío, tutù nini, dákẹ́ rọ́rọ́: kálukú ló ní ẹnìkejì rẹ̀. Syme yóò ní àṣejù ni, yóò fi "púpọ̀" rọ́pò gbogbo wọn. Pupa púpọ̀, dúdú púpọ̀, ga púpọ̀, tutù púpọ̀. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ bí ẹnu ṣe ń kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Igbó Ọ̀ṣun wà lára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO kọ sílẹ̀ láti 2005, ṣùgbọ́n àwọ̀ odò inú rẹ̀ ti yí padà. Góòlù tí wọ́n ń wà láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń dá lẹ́bi. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹni tó dúró létí odò lè sọ pé omi ti pọ́n rúsúrúsú. Bí wọ́n bá gba "rúsúrúsú" lẹ́nu rẹ̀, "omi ti pọ́n púpọ̀" ló kù, ta ni yóò sì sáré wá wò ó?

Ògbufọ̀ náà fa igi lé "àìdára" lórí. Ó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọ̀rọ̀ bíi "fòò" kúrò lẹ́nu àwọn ará ìjọba inú ìwé náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí "rọ́rọ́", ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ kò lọ.