Ariwo Tí Ó Ní Ètò: Lórí Àwọn Àwo Orin àti Eré Ẹgbẹ́ Lightning Bolt

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kò yé bi wá léèrè ohun tí a rí nínú orin ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Lightning Bolt tí a fi ń ra àwo wọn bí ó ti ń jáde. Wọ́n ní ariwo lásán ni. Ẹnìkan tilẹ̀ wí pé bí a bá da agolo sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò dún. Ọ̀rọ̀ náà kò bí wa nínú, nítorí ariwo ni ní tòótọ́. Orin pọ́ńkì aláriwo ni àwọn tí ń kọ̀wé nípa orin ń pe irú rẹ̀, àwọn tí ń ṣe é kò sì sẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo kì í ṣe oríṣi kan. Ariwo ọjà kì í ṣe ariwo ìjà, bẹ́ẹ̀ ni ti ìjà kò jọ ti ilé àwọn alágbẹ̀dẹ, níbi tí ọmọ owú ti ń dáhùn ìyá rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ wí ni pé ariwo ẹgbẹ́ yìí ní ètò nínú, pé ó pẹ́ púpọ̀ kí àwo wọn tó jẹ́ kí a gbọ́ ètò náà yékéyéké, àti pé nígbà tí a gbọ́ ọ tán, nǹkan mìíràn ti bọ́ sọnù tí a kò lè ṣe aláìdárò rẹ̀.

Ìlú Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti wá. Ní ọdún 1994 ni Brian Chippendale àti Brian Gibson, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó wà ní ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣeré pọ̀. Ẹnì kẹta, Hisham Bharoocha, bá wọn kọrin ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yà kúrò, ó sì di ẹni méjì péré. Chippendale ni onílù, òun náà ni akọrin. Gibson ni ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní béèsì. Ṣùgbọ́n kò so okùn rẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń so ó. Bí a ti ń so okùn sẹ́lò, gòjé ńlá àwọn òyìnbó nì, ni ó so tirẹ̀, ó sì fi okùn báńjò, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, sí ipò èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé gìtá kan ṣoṣo ni ó ń bú ní ìsàlẹ̀ tí ó sì ń ké ní òkè, tí ẹni tí kò rí wọn yóò fi rò pé wọ́n ju méjì lọ.

Láti ọdún 1995 ni Chippendale àti ayàwòrán kan, Mat Brinkman, ti sọ òkè ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan, tí ó jẹ́ ti àwọn aláṣọ híhun nígbà kan rí, ní àdúgbò Olneyville, di ibùgbé. Fort Thunder ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ayàwòrán ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé ìpolówó, wọ́n ń ya ìwé ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń ṣeré lóru. Títí di ọdún 2001 ni èyí fi wà. Lẹ́yìn náà ni a wó o lulẹ̀, tí a fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ibi tí àwọn tí ń ra oúnjẹ yóò máa gbé ọkọ̀ wọn sí. Ilé wó, ṣùgbọ́n ìwà ilé náà kò fi ara àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ó ti irú ibẹ̀ jáde kò ka orí ìtàgé sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ orí ìtàgé sílẹ̀ ní tòótọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń to ìlù àti sípíkà wọn sí, láàárín èrò, bí ẹgbẹ́ tí ó ṣáájú wọn bá sì ti parí lókè, àwọn náà a dá tiwọn sílẹ̀ nísàlẹ̀ láìjẹ́ kí ènìyàn ráyè mí. Èrò a pagbo yí wọn ká, a sì máa tì wọ́n síwájú sẹ́yìn bí omi òkun. Chippendale a fi ìbòjú aṣọ bo orí, inú rẹ̀ ni ó fi máíkì kékeré tí a yọ lára tẹlifóònù sí, ní ọ̀gángán ẹnu, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè fún igi ìlù. Yorùbá tí ó bá rí i yóò rántí eégún, ohùn tí ń tinú rẹ̀ jáde náà sì ha. Ṣùgbọ́n ìfarajọ náà kò kọjá ibẹ̀, a kò sì fẹ́ fi agbára so ìbátan tí kò sí.

Èyí tí ó kàn wá jù ni agbo náà. Lọ́dọ̀ wa, onílù tí ó jókòó sókè tí àwọn ènìyàn sì dúró nísàlẹ̀ máa wò ó, àṣà tí ó dé lẹ́yìn ni. Onílù tí a mọ̀ a máa tẹ̀ lé oníjó, a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, a máa kì í. Nítorí náà ni ìṣe àwọn ọmọ Providence yìí kò fi jọ wá lójú bí ó ti jọ àwọn tí ó mọ gbọ̀ngàn nìkan. Ohun tí ó ṣòro fún wa ni òmíràn. Etí tí dùndún tọ́ dàgbà a máa wá ọ̀rọ̀ nínú ìlù. Bí Chippendale bá ti bẹ̀rẹ̀, etí wa a nà, a ń retí kí ó wí nǹkan, kò sì wí nǹkan kan. Ìlù rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó ń sáré ni, ó ń já lu ara rẹ̀, ó ń tún dìde. Nígbà tí a kò wá ọ̀rọ̀ mọ́, tí a gbé etí lé gìtá, ni a tó rí ọ̀nà wọlé: Gibson a mú ìlà orin kúkurú kan, a pa á ní àpatúnpa títí yóò fi rò wá pé ó ti gbàgbé ọ̀nà àbáyọ, lẹ́yìn náà a yí ohùn kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀, gbogbo ilé a sì mì. Ibẹ̀ ni ètò wà.

Ní ti eré ojú agbo náà, àwa tí a jìnnà kò rí i bí kò ṣe nínú fíìmù. Èyí tí ó ṣe wá ní àǹfààní jù ni èyí tí ó jáde ní ọdún 2002, tí à ń pè ní The Power of Salad & Milkshakes, tí ó tẹ̀ lé wọn kiri Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí ohun tí ìyìn kì í mẹ́nu kàn: pé orí àwọn tí ó wà níwájú ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń wò. Agbo dára fún ẹni tí ó bá tètè dé. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n ti ń gun orí ìtàgé pẹ̀lú, àwọn olólùfẹ́ wọn kan sì kùn sí i. Àwa kò kùn, nítorí ẹni tí ó san owó ìwọlé kan náà yẹ kí ó rí ọwọ́ tí ń lu ìlù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí orí àwọn àwo. Èkíní, tí ó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, jáde ní ọdún 1999 láti ilé iṣẹ́ Load ní Providence kan náà. Ride the Skies tẹ̀ lé e ní 2001, Wonderful Rainbow ní 2003, Hypermagic Mountain ní 2005. Bí ẹni méjì náà ti ń lù ú pọ̀ ni a ti gbà á sílẹ̀, ohùn ń wọ inú ohùn, ọ̀rọ̀ akọrin sì rì sísàlẹ̀ bí òkúta nínú ẹrẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ní kí a mú àwo kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ wọn, Wonderful Rainbow ni a óò mú. Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. “Dracula Mountain” nìkan tó láti dá ẹni tí ó sọ̀rọ̀ agolo lóhùn: ìlà orin rẹ̀ ṣe é kọ lẹ́nu, ọmọdé lè máa sú u ní ìfé lọ sí ojú odò, ariwo tí ó wọ̀ ọ́ láṣọ kò sì bo ìdùnnú inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. A ti rí àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń fi ẹ̀rù àti ìbínú ṣe àpèjúwe orin yìí. Ìbínú wo? Ayọ̀ ni.

Hypermagic Mountain wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gùn, a kì í sábà gbọ́ ọ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Earthly Delights ti ọdún 2009 ní ibi tí ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti tú. Oblivion Hunter ti 2012, àjẹkù iṣẹ́ ọdún 2008 ni. A rà á nítorí ìfẹ́.

Lẹ́yìn Earthly Delights, ọdún mẹ́fà kọjá kí àwo ńlá mìíràn tó jáde. Ní 2015 ni Fantasy Empire dé, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Thrill Jockey. Wọ́n lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Machines with Magnets ní Pawtucket, tí ó wà nítòsí Providence, níbi tí irinṣẹ́ ti pé, àyípadà náà sì hàn láti ìlà àkọ́kọ́ “The Metal East”. Fún ìgbà àkọ́kọ́ a gbọ́ ẹsẹ̀ Chippendale lọ́tọ̀, a gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. A mọ ìgbà tí Gibson kúrò lórí okùn tí ó nípọn bọ́ sórí èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí a ti ń méfò láti ọdún pípẹ́ wá di èyí tí a lè nàka sí. Sonic Citadel ti ọdún 2019, láti ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan náà, tẹ̀ síwájú sí i. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kí orin dídùn hàn láìtijú. “Don Henley in the Park” rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò bóyá ó ti bàjẹ́. “Hüsker Dön't”, tí ó fi orúkọ ẹgbẹ́ pọ́ńkì àtijọ́ kan ṣeré, fi ìran tí wọ́n ti ṣẹ̀ hàn.

Àwọn kan wí pé a ti fọ ẹgbẹ́ náà mọ́ jù, pé àgbà ti dé, pé Chippendale tí ó lu ìlù fún Björk nínú àwo Volta ní 2007, àti Gibson tí ó wà nídìí eré orí ẹ̀rọ tí à ń pè ní Thumper ní 2016, ti di ẹni ọlá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwo tí ó mọ́ kò purọ́ nípa wọn; ó fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ohun tí àwọn aláìmọ̀kan pè ní ìyà etí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn wa ni èyí: nínú àwọn àwo àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí wọn, a máa ń gbọ́ ògiri. A ń gbọ́ pé inú yàrá kan ni èyí ti ṣẹlẹ̀, pé orúlé rẹ̀ kò ga, pé ooru mú níbẹ̀. Fún ẹni tí ó ń gbé Providence, èyí lè má jẹ́ nǹkan, nítorí ó lè rìn dé ibi eré. Fún àwa, ògiri náà ni gbogbo ohun tí a ní nínú agbo náà. Fantasy Empire fún wa ní ẹni méjì náà pátápátá, ó sì gba yàrá lọ́wọ́ wa. A ti wọn ọ̀kan mọ́ èkejì lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ̀n náà kì í dúró sójú kan: ní òwúrọ̀ a fẹ́ràn àwo tuntun, ní alẹ́ a padà sí ti 2003.

Bí òǹkàwé wa kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ “Dracula Mountain”, kí ó sì gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó ṣe ìdájọ́. Lẹ́yìn náà kí ó gbọ́ “The Metal East”, kí ó fi etí sí ìlù nìkan, kí ó padà, kí ó fi etí sí gìtá nìkan. Fíìmù ọdún 2002 ni kí ó wò ṣìkẹta, nígbà tí etí rẹ̀ bá ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ fẹ́ rí. Kí ó má ṣe é lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ bí ògiri ilé rẹ̀ bá kan ti aládùúgbò. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ó rìnrìn àjò dé ibi tí wọ́n gbé ń ṣeré, kí ó mú òwú lọ́wọ́ fún etí, kí ó sì tètè dé.