Kóòṣì Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀ Wa

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Tudun Wada, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Láàárọ̀ Sátidé, á ti kó bọ́ọ̀lù sínú àpò, á ti dé orí pápá kí àwọn ọmọ tó dé. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un. Owó àpò rẹ̀ ló fi ń ra bọ́ọ̀lù, òun náà ló ń wá omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa bá dé, kí là ń bá a sọ? "Kí ló dé tó ò fi ọmọ mi síwájú? Ṣé o tiẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù rárá?" Kóòṣì ní kí ọmọ gbá a sósì, àwa ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé kó gbá a sọ́tùn-ún. Ọmọ á dúró sójú kan, kò ní mọ ti ta ni kóun gbọ́. Àbí ẹ ò tíì rí i rí?

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Àwa tiwa ti kọjá àìdúpẹ́, èébú la fi ń san oore.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a wà. Kàdúná yìí ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní 1963, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìrá ní Kwara. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL níbí ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn ní 1982. Ní June 21, 1994, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, sínú àwọ̀n Bulgaria. Gbogbo wa la mọ orúkọ Yekini. Nínú àwọn tó ń bá àwọn ọmọ sáré nínú eruku Kàdúná láyé ìgbà náà, mélòó lẹ lè dárúkọ? Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń náwó sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù nígbà yẹn. UNTL ti ilẹ̀kùn pa ní 2007, wọ́n sì ṣí i padà ní 2010, ṣùgbọ́n kò tún dà bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹrù tí ilé iṣẹ́ ń gbé ti wá bọ́ sórí ẹnì kan ṣoṣo tó yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni ti ọjọ́ orí. Àwọn òbí kan á gba ìwé ìbúra nílé ẹjọ́, ọmọ ọdún 17 á di ọmọ ọdún 13. Bí kóòṣì bá kọ̀, ó di ọ̀tá. Ṣé a ti gbàgbé 1989 ni? Ọdún náà ni FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún 2 nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, torí pé ọjọ́ ìbí agbábọ́ọ̀lù 3 kò bá èyí tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje tí a fẹ́ gbà lálejò ní 1991 sì lọ sí Portugal. Ní 2009, nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wá sí Nàìjíríà, tí wọ́n gbá a dé Kàdúná níbí, FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo eegun ọrùn ọwọ́. Ìwé lè purọ́, eegun kì í purọ́. Kóòṣì tó kọ ìwé irọ́ yẹn, ìtìjú ló ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ìlú Almere ní Netherlands, ní December 2012, bàbá kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gbé àsíá níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì lù ú, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́ 6 àti bàbá ọ̀kan nínú wọn ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: bàbá wà níbẹ̀. Ohun tí òbí ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ojú ọmọ ń rí i.

N kò sọ pé kí ẹ má béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ mọ ẹni tí ọmọ yín ń tẹ̀ lé, ẹ mọ ibi tó ń mú un lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kóun lè gbé ọmọ lọ sókè òkun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá wà, ẹ dúró kí eré parí, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bá a sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí.

Bí ọ̀rọ̀ wa bá sú u tó fi pápá sílẹ̀, ta ló máa rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí wọ́n ń pè ní sara-suka ládùúgbò wa. Àwọn yẹn kì í lé ọmọ sẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba ọmọ tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe nírọ̀lẹ́.

Nítorí náà, ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ dá owó bọ́ọ̀lù kan jọ. Ẹ kí i kú iṣẹ́ lójú àwọn ọmọ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ẹ wo bọ́ọ̀lù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn tó ń bá wa tọ́ ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Àmín.