Gbẹ́rẹ́ Nínú Ilé Onígbàgbọ́: Àtúnkà Aké ní Èdè Yorùbá

Ní ọdún 1981 ni Wọlé Ṣóyínká tẹ Aké jáde, ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ nínú ọgbà ìjọ Áńgílíkà ní Abẹ́òkúta, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ní 2001, ìtúmọ̀ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe fún un jáde, àkọlé rẹ̀ ni Aké: Ní Ìgbà Èwe. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo lò fún ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi, níbi tí mo ti sọ pé ìjà láàárín ìgbàgbọ́ àti ìṣẹ̀ṣe ni kókó ìwé náà. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ yí padà níhìn-ín.

Orí gbẹ́rẹ́ ni àríyànjiyàn mi dúró lé. Kí ọmọ náà tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn, bàbá àgbà rẹ̀ ní Ìsarà mú kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Mo fi Aké sí ọwọ́ kan, mo fi Ìsarà sí ọwọ́ kejì, mo sì ní wọ́n ń jà. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ọmọ yìí rí àwòrán àwọn ẹni mímọ́ lára fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, tí aṣọ wọn sì jọ ẹ̀kú egúngún lójú rẹ̀. Kò fi ẹ̀sìn kan bú èkejì. Ohun tí ó mọ̀ ni ó fi ń wo ohun tí kò mọ̀.

Ẹ̀rí kan wà tí mo fi sílẹ̀ nígbà náà, nítorí mo rò pé ìrántí ilé ẹni kì í ṣe ẹ̀rí. Old Garage ní Òṣogbo ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n. Ìsọjí Òkè-Ooye ti 1930, èyí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣáájú, ló sọ àwọn òbí wọn di onígbàgbọ́. Nínú Bíbélì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Láàárọ̀, bí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń pariwo níta, ìka ìyá àgbà á máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí mò ń kà. Ọjọ́ kan ni mo rí ojú gbẹ́rẹ́ mẹ́ta ní ọrùn-ọwọ́ wọn. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, “Ìfẹ́ àwọn tó bí mi ni. Ó yá, ẹsẹ tó kàn.”

Ìgbà tí mo ka ìtúmọ̀ Ìṣọ̀lá ni ìdáhùn yẹn padà sí mi létí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, a ní láti ṣàlàyé Ìsarà fún àlejò, àlàyé ṣíṣe a sì máa sọ nǹkan di àjèjì. Ní Yorùbá, ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ ọmọ rẹ̀ ni bàbá àgbà. Èyí kò sọ pé ìtúmọ̀ náà kò pàdánù ohunkóhun. Ilé elédè méjì ni ilé ọ̀gá ilé-ìwé yẹn. Bí gbogbo rẹ̀ ti di Yorùbá, etí wa kò tún fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ́ láti inú èdè kan sí òmíràn.

N kò sọ pé ìjà kò sí rárá. Ní Òṣogbo níbí, Dúró Ládiípọ̀, ọmọ katikísì, mú ìlù wọ inú orin ìjọ, àwọn kan sì takò ó gidigidi. Ní 1962 ni Mbari Mbayọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú agbo ìjọ ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí à ń bá jà ní gbangba lè jẹ́ ohun tí a fara mọ́ nínú ilé, láìjẹ́ pé àgàbàgebè ni wá. Ibẹ̀ ni ìwádìí mi ti kùnà: mo gbé ìjà gbangba wọ inú ilé, mo sì pe ìfẹ́ ní ogun. Ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ béèrè ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, àti èdè tí wọ́n fi pè é níbẹ̀, kí ó tó fún un lórúkọ.