Ibi Tí Relay Ń Sinmi Sí: Lámèyítọ́ lórí Pẹ́dàlì Gìtá Àfọwọ́ṣe

Bí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe pẹ́dàlì gìtá bá jókòó, bí ohùn ṣe ń dún ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ: transistor tó ń kùn, èyí tó ń han, èyí tó túbọ̀ ń dùn bí bátìrì bá ń kú lọ. Ọ̀nà àbùjá tí ohùn gìtá ń gbà kọjá nígbà tí pẹ́dàlì wà ní pípa kì í sábà rí ẹni yìn ín. Bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ oníṣẹ́ tó gbọ́n. Ohùn tí onígìtá fẹ́ kó jáde bí òun ṣe ta á gẹ́lẹ́ ni ọ̀nà yẹn ń gbé.

Pẹ́dàlì wah tí ilé-iṣẹ́ Vox gbé jáde ní 1967 ní swíìṣì kan tí kì í já pẹ́dàlì kúrò lẹ́nu gìtá. Ẹnu ìjáde nìkan ló ń yí. Nítorí náà, gìtá ṣì ń ru ẹrù pẹ́dàlì tí kò ṣiṣẹ́, ohùn tín-ín-rín rẹ̀ a sì rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni swíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, 3PDT, wá di àyànfẹ́ àwọn afọwọ́ṣe: ìlà méjì nínú rẹ̀ ń já pẹ́dàlì kúrò níwájú àti lẹ́yìn, ìkẹta ń tan iná LED. Ó dára, àmọ́ irin kan náà tí ẹsẹ̀ ń gún mọ́lẹ̀ lálaalẹ́ ni ohùn ń gbà kọjá. Ilé-iṣẹ́ Boss ya lọ sí ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú pẹ́dàlì OD-1 wọn ní 1977: ẹsẹ̀ kàn ń ránṣẹ́ ni, FET, irú transistor kan, ló ń yí ọ̀nà. Kì í pariwo, àmọ́ ohùn kò bọ́ lọ́wọ́ transistor nígbà kankan. Pete Cornish, aṣẹ̀rọ ará Britain, tilẹ̀ jiyàn pé ohun tó yẹ nìyẹn, torí bí pẹ́dàlì púpọ̀ bá jẹ́ irin lásán, gbogbo wáyà àárín wọn á di ẹrù fún gìtá. Òótọ́ ló wí. Àmọ́ transistor kan ṣoṣo níwájú ìlà tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Relay, swíìṣì tí kọ̀ílì oníná ń yí, bu nínú ọ̀nà 3PDT àti ti FET. Ara irin ni ohùn ń gbà, ẹsẹ̀ kò sì kan irin náà. Ẹ mú TQ2-5V ti Panasonic wò: ìlà méjì, pẹ̀lú kọ̀ílì tó ń gba nǹkan bí 28 mA. Nínú pẹ́dàlì 9V, 78L05 á bu iná kù sí 5V; ATtiny13, kọ̀ǹpútà kékeré kan, á máa ṣọ́ swíìṣì kékeré tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀; transistor á fún kọ̀ílì níná; dáyóòdù 1N4148 á sì gbé iná tó ń tàdí padà mì nígbà tí kọ̀ílì bá kú. Ẹni tó ti tún rédíò ṣe rí á bá a lọ.

Ohun tó gba làákàyè ni ibi tí relay yóò sinmi sí. Bí kò bá síná nínú kọ̀ílì, irin inú rẹ̀ á padà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló yẹ ká so ọ̀nà àbùjá mọ́. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá fa wáyà àdápítọ̀ yọ láàárín orin, gìtá á ṣì máa dún. Irú relay kejì wà, TQ2-L-5V, tí mágínẹ́ẹ̀tì ń dì mú síbi tí a bá fi í sí, tí kì í sì í jẹ iná àfi ìgbà tó bá ń yí. Mo mọ ìdí tí àwọn tó ń lo bátìrì fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí 28 mA nìkan lè jẹ bátìrì 9V tán kí wákàtí 20 tó pé. Àmọ́ bí iná bá lọ nígbà tí pẹ́dàlì wà ní títàn, inú ẹ̀rọ tó ti kú ni yóò máa da ohùn sí. Mi ò lè fara mọ́ ìyẹn nínú pẹ́dàlì aládàápítọ̀.

Ariwo "pọ́ọ̀" tó máa ń ta nígbà tí a bá tẹ pẹ́dàlì ńkọ́? Relay nìkan kò wò ó sàn. Iná tó ń jò láti ara kàpásítọ̀ ló sábà máa ń fà á, rẹ̀sísítọ̀ 1M láti ẹnu àbáwọlé àti ẹnu ìjáde sí ilẹ̀ ló sì ń gbà á. Kí wáyà ilẹ̀ kọ̀ílì má sì bá ti ohùn rìn pọ̀.

Èrè tó wọnú orin gan-an wà nínú ATtiny yẹn. Ó lè mọ iye àkókò tí ẹsẹ̀ fi wà lórí swíìṣì, nítorí náà onígìtá lè tẹ pẹ́dàlì fuzz mọ́lẹ̀ fún ohùn kan péré láàárín gbólóhùn orin, kó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò. 3PDT tó máa ń há síbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí kò lè ṣe é. Àmọ́ ètò ìlànà tí a kọ sínú rẹ̀ ló ń pinnu bóyá èyí á wúlò. Bó bá dúró títí ẹsẹ̀ fi kúrò kó tó mọ ohun tí yóò ṣe, ìlù ti kọjá. Kí ó tan nígbà tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Bí ẹsẹ̀ bá wá kúrò lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó pa á. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ ní títàn.